Ìdáhùn Tó Ṣáájú Iṣẹ́

Ọ̀gbẹ́ni Jíbọ́lá Ọ̀nàfúwà ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi orúkọ rẹ̀ sókè ìwé yìí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà lórí iṣẹ́. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, n ó sì dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà fún wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ekurede-Urhobo lẹ bi mí bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dára láti fi ṣe iṣẹ́ ayé ẹni. Píjìn lẹ fi bi mí. Yorùbá ni n ó fi dá yín lóhùn, torí pé ẹ gbọ́ ọ bí ẹ ò tilẹ̀ ń sọ ọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gba àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó gbé e fún ìyá rẹ̀ kó kà á fún un.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, ní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ní Warri níbí. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé òṣìṣẹ́, oúnjẹ àti omi mímu lọ sí àwọn ibùdó iṣẹ́ epo tó wà nínú àbàtà. N kò ní dárúkọ wọn. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn kò gùn ní sísọ: mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò jáde ní yunifásítì, ìjọba rán mi wá síbí láti sìnlú fún ọdún kan, n kò sì padà lọ gbé ní Ìgbòkòdá, ìlú wa, mọ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, omi kò bà mí lẹ́rù. Owó oṣù náà tó jẹun. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí a tò pọ̀. Yàrá tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi, débi pé súwẹ́tà ni mo ń wọ̀ níbẹ̀ nígbà tí òógùn ń bo àwọn ará ìta. Káàdì oníhò, ẹsẹ kan lórí káàdì kan, la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Ọ̀nàfúwà ló ni yàrá náà. Ìjẹ̀bú ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ajé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Orí bébà ni mo ti ń kọ ètò, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé ní ẹsẹẹsẹ. Bí mo bá kọ ọ́ tán, a ó jókòó lójúkojú, n ó fi ìka tọ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, n ó sì máa sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bó bá débẹ̀.

"Ẹsẹ kẹsàn-án ńkọ́?"

"Yóò fi iye náà pamọ́, sà."

"Síbo?"

N ó wo òkè àjà.

"O ò mọ̀. Bí ìwọ tí o kọ ọ́ ò bá mọ̀, ṣé ẹ̀rọ ni yóò mọ̀? Lọ tún un kọ."

Ó ní àṣà kan tí n kò tíì rí lára ẹlòmíràn. Láti yàrá tirẹ̀ ni yóò ti pè mí: "Mojísọ́lá!" Bí n kò bá jẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀, kì í tún pè. Yóò máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo bá wá yọjú fúnra mi, yóò ní, "Wọn kì í pe ọmọlúàbí lẹ́ẹ̀mejì." Lẹ́yìn náà yóò gba káàdì ọwọ́ mi, yóò dà wọ́n pọ̀ mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ ta káàdì, yóò sì dá wọn padà fún mi kí n lọ tún wọn tò. Wọ́n lè pé igba. Mo kọ́ láti máa jẹ́ ìpè kí orúkọ mi tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ìyà yẹn kọ́ mi níṣẹ́. Títí di òní, n kì í kọ ẹsẹ kan tí n kò mọ ibi tó ń lọ.

Òfin rẹ̀ kejì ni ti orúkọ. Ẹni tó bá kọ ètò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí orí rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà, kí ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ ti àkọ́kọ́. "Ètò tí kò lórúkọ, ọmọ àlè ni," ló máa ń wí. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn.

Ọdún ń yí lu ọdún. Káàdì lọ, téèpù dé. Téèpù náà kógbá wọlé, kọ̀ǹpútà kékeré wá di ohun tí ń jókòó sórí tábìlì bí àwo oúnjẹ. Ọ̀kan ṣoṣo tí kò yí padà ni rédíò. Nígbà tí ibùdó kan bá fẹ́ ọkọ̀, yóò pe Efe, obìnrin Urhobo tó ń mójú tó rédíò wa, Efe yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan. Bí òjò bá ń rọ̀, ohùn ibùdó mẹ́ta á wọnú ara wọn, Efe á máa pariwo pé, "Who dey talk? Na who dey talk?" Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ gbé kọ̀ǹpútà sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n wá bí wọn yóò ṣe máa fi rán wa níṣẹ́.

Mo wá a, mo rí i. Láíbìrì kan ni. Láíbìrì ni àwa oníṣẹ́ yìí ń pe àkójọ ètò tí ẹlòmíràn ti kọ parí, tí ìwọ yóò kàn pè wọnú tìrẹ kí ó máa bá ọ ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí èyí mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó to iṣẹ́ tí a rán sórí ìlà, ẹni tó kọ́kọ́ dé níwájú, ẹni tó dé gbẹ̀yìn lẹ́yìn. Mo ti rí láíbìrì tí àṣẹ rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ènìyàn kò ní lò ju mẹ́wàá lọ. Mẹ́ta péré ni ti èyí: fi sórí ìlà, gbà, dáhùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ibùdó á fi iṣẹ́ sórí ìlà, pé kí ọkọ̀ gbé omi wá. Ètò tèmi ní ọ́fíìsì á gba èyí tó wà níwájú. Gbígbà tó gbà á yìí kò tíì yọ ọ́ kúrò lórí ìlà; láíbìrì kàn fi aṣọ bò ó kí ẹlòmíràn má baà gbé e. Ètò á wá ṣe iṣẹ́ náà: á yan ọkọ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí awakọ̀ yóò mú dání. Ìgbà tí bébà bá jáde tán ni ètò á tó dáhùn. Dáhùn yìí ló ń pa iṣẹ́ rẹ́ kúrò lórí ìlà, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ibùdó rí i lójú kọ̀ǹpútà wọn pé a ti gbọ́. Bí iná bá lọ kí ètò tó dáhùn, láíbìrì á ká aṣọ kúrò, iṣẹ́ á padà sí ipò rẹ̀, a ó sì tún un gbà nígbà tí iná bá dé. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn. Kò gba ìlérí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹsẹ mẹ́rìndínlógójì ni mo kọ. Dáhùn ló wà ní ẹsẹ ìkẹyìn. Mo kọ orúkọ mi sórí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo fi bébà náà pamọ́ sílé gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo kọ́ igbákejì mi náà ní i, ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tó ń jẹ́ Báyọ̀. A lò ó fún ohun tó lé ní ọdún kan, iṣẹ́ ẹyọ kan kò sọnù.

Àléébù kan ló ní. Ẹ̀rọ tí ń tẹ bébà kò yára, nítorí náà ibùdó lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún, kí wọ́n tó rí ìdáhùn. Èyí kò dùn mọ́ Ọ̀gá Ọ̀nàfúwà nínú rárá.

"Ètò rẹ yìí yájú, Mojísọ́lá. A pè é, kò jẹ́."

"Iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́, sà. Bó bá ṣe é tán, yóò jẹ́."

"Ọmọ tí mo bá rán níṣẹ́, kó tó dìde ni yóò ti ní 'mo ti gbọ́, sà.' Bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ nìyẹn."

"'Mo ti gbọ́' yàtọ̀ sí 'mo ti ṣe é,' sà."

Ó yíjú sí Báyọ̀. "Ṣé o ń gbọ́ ọ? Ó ń bá mi jiyàn."

Báyọ̀ rẹ́rìn-ín. Báyọ̀ mọ ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kú lọ́dún náà, mo sì lọ sí Ìgbòkòdá fún ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ sin ín. Nígbà tí n kò sí nílé ni àwọn àlejò kan wá láti olú ilé-iṣẹ́ láti wá wo bí a ṣe ń ṣe. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n lọ sí ibùdó kan, wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti ibẹ̀, wọ́n dúró níwájú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú wọn sì wo aago. Wíwo aago yẹn ló fà á. Ọ̀gá Ọ̀nàfúwà padà sí ọ́fíìsì, ó ṣí ètò mi, ó gbé dáhùn kúrò ní ẹsẹ ìkẹyìn, ó fi í sí ẹsẹ tó tẹ̀lé gbígbà. Láti ìgbà náà, bí ètò bá ti gba iṣẹ́ báyìí ló ti ń dáhùn, kó tó ṣe ohunkóhun. Inú àwọn àlejò dùn. Ọ̀gá kò kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tèmi.

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Mama Wale, sorry o," Efe kí mi. "How burial?"

"We thank God."

"Find something chop. You don lean."

Mo jókòó. N kò ṣí ètò mi wò. Kí ni mo fẹ́ wò nínú ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún tó kọjá? Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, iná lọ. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kú, jẹnẹrétọ̀ gbéra lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ̀ǹpútà jí. Efe nawọ́ sí rédíò.

"Make I call the camps, ask whether dem send anything?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní ìlà kì í gbàgbé. Iṣẹ́ tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́, ìlà á tún un gbé jáde. Òtítọ́ ni ohun tí mo sọ yìí nípa ètò tí èmi kọ. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Efe yẹn ni ẹ̀bi tèmi, mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi kọ ọ́.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni rédíò ké. Ọkùnrin kan ni, ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀.

"Where the boat? Since morning! The man hand don dey black!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Páìpù kan yí lu ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ovie, ọmọ Aladja, wẹ́dà ni. Wọ́n fi iṣẹ́ sórí ìlà pé kí ọkọ̀ tètè wá gbé e. Kọ̀ǹpútà wọn dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé a ti gbọ́. Ètò wa ti pa iṣẹ́ náà rẹ́ lórí ìlà, kò sì tíì tẹ bébà awakọ̀ nígbà tí iná lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, kò rántí nǹkan kan, ìlà náà kò sì ní nǹkan kan tí yóò gbé jáde. Òfin ibùdó ni pé bí ìdáhùn kò bá dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n pè wá lórí rédíò. Ìdáhùn ti dé. Nítorí náà wọ́n gbé Ovie lọ sí etí omi, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wo ọ̀nà. Ká ní kọ̀ǹpútà yẹn dákẹ́ ni, wọn ì bá ti ké sí wa kí aago mọ́kànlá tó lù. Ìdáhùn ló so wọ́n mọ́lẹ̀.

Àwọn dókítà gé ọwọ́ náà ní ọrùn-ọwọ́.

Mo ṣí ètò mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì rí dáhùn níbi tí n kò fi sí. Mo bi wọ́n nínú yàrá pé ta ló gbé e. Báyọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀gá jáde sí wa.

"Èmi ni. Àwọn àlejò ń wò wá, ó ń dójú tì wá. Kí ló dé?"

Mo sọ ohun tó dé. Ó padà wọ yàrá rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n pe ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta jọ. Àwa mẹ́ta la dúró níwájú wọn: Ọ̀gá, Báyọ̀, èmi. Alága wọn mú ètò náà dání.

"Ta ló kọ èyí?"

"Mojísọ́lá ni," Ọ̀gá dáhùn. Alága kò tíì pa ẹnu dé.

Mo ní ẹlòmíràn ti fọwọ́ kàn án, mo sì gbé bébà tí mo fi pamọ́ jáde, èyí tí dáhùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kọ́jọ́ ni ènìyàn lè tẹ bébà. Wọ́n bi Báyọ̀ bóyá ó rí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ètò náà. Báyọ̀ ní òun kò rí ẹnì kankan. Díákónì ni Báyọ̀ lónìí. Báyọ̀, bí o bá ń ka èyí, àga mi tí o jókòó lé kò mì, àbí?

Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí, wọ́n sì fi Báyọ̀ sí ipò mi. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Ní oṣù kejì, ìyàwó Ovie wá bá mi. Obìnrin kúkúrú ni, kò jókòó.

"Na you be Mojisola?"

"Na me."

Ó mú ìbọ̀wọ́ aláwọ kan jáde láti inú báàgì, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń wọ̀, ti ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbé e sórí tábìlì mi. "E no need am again," ló wí, ó sì lọ. Ìbọ̀wọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo lọ sí Aladja láti ṣàlàyé. Ovie kò bú mi, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n fún mi lómi mu. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Madam, na your name dey on top. If na another person do am, make that person tell me with him own mouth. I go gree." Ìdájọ́ rẹ̀ kò burú. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ náà nìyẹn: kí ẹni tó ṣe é fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ka ogún ọdún náà pé, mo tún kà kọjá rẹ̀.

Báyọ̀ kò lè gbé dáhùn padà sísàlẹ̀, torí bó bá gbé e, wọn yóò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀ ó gbé bátìrì ńlá kan sábẹ́ tábìlì kí kọ̀ǹpútà má baà kú mọ́. Bátìrì kì í pẹ́ ayé. Ní ọdún kẹrin, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, ọ̀gá tuntun kan tó ti Èkó dé béèrè ẹni tó mọ ìdí ètò náà, Efe sì sọ fún un pé ó wà láàárín fáìlì. Mo gbé ẹsẹ kan kúrò lókè wá sísàlẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Mo wá kọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá sí i kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìlà tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń lò wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn lókè òkun, ẹ kì í sì í rí i sójú. Àṣẹ mẹ́ta náà ni. Bí wọ́n bá gbé ètò fún yín, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí dáhùn wà. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá fún yín, ẹ wo ibẹ̀ náà. Iṣẹ́ yìí dára. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ mí rí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin Ọ̀gá Ọ̀nàfúwà pè mí láti ilé wọn ní Jeddo, nítòsí Warri níbí. Ó ní, "Màmá, Dádì ń béèrè yín." Mo ní mo ti gbọ́. N kò lọ. Lẹ́yìn oṣù kan ó tún pè, mo sì lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí. Mo kà á.

Orí àga ọlọ́wọ́ ni mo ti bá a, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà." N kò kúnlẹ̀. Orúnkún ń dùn mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ orúnkún náà.

"Mojísọ́lá. O ti darúgbó."

"Ẹ̀yin náà, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó béèrè àwọn ọkọ̀ wa àtijọ́, ó béèrè Efe, ó ní ṣé mo rántí káàdì. Mo ní mo rántí. Mo wá bi í nípa ọjọ́ ìgbìmọ̀.

"Orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀," ó ní.

"Ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn?"

"Wọn ò bi mí nìyẹn."

"Èmi ń bi yín báyìí, sà."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan rẹ̀. "Èmi ni."

"Èmi mọ̀, sà. Ẹni tí kò mọ̀ ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ sọ yẹn náà ni."

Efe ti fún mi ní nọ́ńbà Ovie. Mo gbé fóònù mi sórí àpótí tó wà láàárín wa, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè, mo sì pè é. Ọ̀gá tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó tẹ̀ síwájú, ó ń dúró. Fóònù dún, ó dún, ó dún títí ó fi dákẹ́.

"Ọwọ́ kan ló ní, sà," mo ní. "Ó máa ń pẹ́ kó tó gbé e. Ẹ jẹ́ ká tún un pè."

Mo nawọ́ sí fóònù náà. Ọ̀gá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e.

"Fi í sílẹ̀, Mojísọ́lá," ó ní. "Wọn kì í pe ọmọlúàbí lẹ́ẹ̀mejì."